Lórí «irin dúdú» àti «Apànìyàn» nínú ìtàn Jørn Stubberud

Ẹ̀gbọ́n, mo ka àpilẹ̀kọ yín lórí ìgbésí ayé Jørn Stubberud, ará Nọ́wè tí a bí ní 1968, oníjìtá báàsì ẹgbẹ́ olórin Mayhem. Mo dúpẹ́ pé ẹ gbé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ wá sínú èdè wa, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ díẹ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ lò.

Ẹ pe black metal, irú orin rọ́ọ̀kì líle tí Mayhem ń kọ, ní «orin irin dúdú». Bí Yorùbá bá gbọ́ irin, ọ̀dọ̀ Ògún àti alágbẹ̀dẹ ni ọkàn rẹ̀ ń lọ. Bí ó bá sì gbọ́ dúdú mọ́ orin, orin aláwọ̀ dúdú ni yóò rò pé à ń wí. Orúkọ yìí kò ti ibi kankan nínú méjèèjì wá. Àkọlé àwo tí ẹgbẹ́ olórin Venom ti ìlú Newcastle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní 1982 ni, inú orin mìíràn tí Venom kọ sì ni Mayhem ti mú orúkọ tirẹ̀. Ẹlòmíràn ti dábàá «orin òkùnkùn», ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ ọ ní Nàìjíríà tí kò ní rò pé orin àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ni? Kí a yá a lò bí a ti yá jáàsì: búláàkì mẹ́tàlì. Kí a má sì gé e sí «mẹ́tà» o, nítorí ọ̀pọ̀ wa kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀, òǹkàwé yóò sì máa béèrè pé orin mẹ́ta wo.

«Alágídìgbo» tí ẹ pe ẹni tí ń ta báàsì dùn mọ́ mi, torí agídìgbo ni ó ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ nínú àpàlà. Ṣùgbọ́n ohun èlò mìíràn ni. Oníbáàsì náà kò tó, nítorí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni a ti ń pè bẹ́ẹ̀. Oníjìtá báàsì kò lẹ́wà, kò sì ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Èyí tí ó ká mi lára jù ni pé ẹ túmọ̀ orúkọ ìtàgé rẹ̀, Necrobutcher, sí «Apànìyàn». Alápatà Òkú ni ìbá sún mọ́ ọn, bí a bá tilẹ̀ fẹ́ túmọ̀ rẹ̀. Apànìyàn gan-an wà nínú ìtàn ẹgbẹ́ yìí. Ní oṣù kẹjọ 1993, Varg Vikernes, olórin Nọ́wè mìíràn, pa Øystein Aarseth, oníjìtá tí òun àti Stubberud jọ dá Mayhem sílẹ̀ ní 1984. Vikernes yìí kan náà ni ó sì ta báàsì, ní àyè tí Stubberud fi sílẹ̀, nínú àwo tí wọ́n gbé jáde ní 1994. Ẹni tí ó bá ka «Apànìyàn, oníjìtá báàsì Mayhem» yóò di ẹ̀ṣẹ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀ ru aláìmọwọ́mẹsẹ̀. Kí a fi orúkọ ìtàgé sílẹ̀ bí ó ṣe wà. Dead ni akọrin wọn ń jẹ́, a ò sì lè máa kọ ọ́ pé Òkú kú ní 1991.

Lẹ́yìn ikú Dead yìí, ẹ kọ ọ́ pé wọ́n «lé» Stubberud. Òun ni ó kọ ẹgbẹ́ sílẹ̀, nítorí ó bí i nínú pé Aarseth ya fọ́tò òkú ọ̀rẹ́ wọn kí ó tó ké sí ọlọ́pàá. Ẹni tí a lé ni ẹ̀bi ń wà lọ́rùn rẹ̀. Ó padà ní 1995.

Ní ti «rúkèrúdò» tí ẹ fi ṣàlàyé Mayhem, n kò ní ohunkóhun láti fi kún un.