Gbígba oníṣẹ́ yáàdì nínú aginjù: kí lojú yín rí?

Ọmọ Ìbàdàn ní Mesa

Ẹ̀yin ará mi tẹ́ ẹ wà ní Arizona, Nevada, Palmdale àti gbogbo ibi tóòrùn ti ń fojú èèyàn rí màbo yìí, ẹ kú ìfaradà o. Mo fẹ́ ká jọ sọ̀rọ̀ àwọn tó ń báni ṣe yáàdì, torí ọ̀pọ̀ wa tó ń ra ilé tuntun níbí, iwájú ilé nìkan làwọn tó kọ́ ọ máa ń ṣe, ẹ̀yìnkùlé á wà ní erùpẹ̀ lásán, ẹ̀yin lẹ máa wá ẹni tó máa tún un ṣe, HOA, ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò, á sì ti máa kọ lẹ́tà pé ìgbà wo lẹ máa parí ẹ̀. Nílé, ká da sìmẹ́ǹtì sílẹ̀ ká gbin máńgòrò kan sígun, ó ti tán. Tẹ́ ẹ bá dán sìmẹ́ǹtì yẹn wò níbí, ooru tó máa máa tú jáde lára ẹ̀ lóru ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ sùn. Ẹ rántí July 2023, ọjọ́ 31 tẹ̀léra-tẹ̀léra ni Phoenix fi wà ní 110 Fahrenheit sókè, kódà ọrọ́ saguaro tó jẹ́ onílẹ̀ gan-an ń ya lulẹ̀.

Ohun tí mo gbà ni pé abẹ́ ilẹ̀ niṣẹ́ oníyáàdì wà nínú aginjù. Òkúta tẹ́ ẹ̀ ń rí lókè yẹn, ẹnikẹ́ni ló lè dà á. Páìpù omi àti ihò igi lẹ máa fi mọ oníṣẹ́.

Ẹni àkọ́kọ́ tó wá wo tèmi, ó dúró sẹ́nu géètì, ó fojú wọ̀n ọ́n, ó pe owó, owó náà kéré débi pé ìyàwó mi ní ká sáré gbà kó tó yí ọkàn padà. Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé dé, ó kọ tọ́ọ̀nù òkúta, ó kọ àwọ̀ ẹ̀, ó kọ orúkọ gbogbo òdòdó, àmọ́ tó bá dọ̀rọ̀ omi, "drip system" nìkan ló wà níbẹ̀, ìyẹn páìpù tó ń kán omi díẹ̀díẹ̀ sídìí ewéko. Kò sọ bóyá igi àti òdòdó máa ní páìpù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kò sọ ibi tí váàfù máa wà, kò sọ táímà, kò sọ nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, omi tí igi ń fẹ́ yàtọ̀ sí tòdòdó, igi ń fẹ́ kí omi wọlẹ̀ lọ jìnnà, kó sì pẹ́ kó tó tún mu, tẹ́ ẹ bá so méjèèjì pọ̀ sórí páìpù kan, ọ̀kan á kú tàbí kí ìkejì jẹrà.

Ẹni tá a wá gbà níkẹyìn, bàbá kan ọmọ Mẹ́síkò ni, ó lọ síbi ẹ̀rọ omi ìta, ó fi nǹkan kan wọn agbára omi, lẹ́yìn náà ló gbẹ́ ihò síbi tí mo ní kí igi wà, ó rọ omi kún un, ó ní òun ń bọ̀ lọ́la. Ilẹ̀ mọ́, omi ṣì wà níbẹ̀. Caliche ló wà nísàlẹ̀, ilẹ̀ funfun kan tí kálísíọ̀mù ti dì pọ̀ bíi kọnkéré, ẹ sọ dígà sí i, dígà á ta padà. Gbòǹgbò ò lè gbabẹ̀ kọjá, omi ò lè gbabẹ̀ kọjá, tí wọ́n bá gbin igi lé e lórí bẹ́ẹ̀, inú omi ló máa kú sí, nínú aginjù tá a wà yìí! Bàbá yẹn àtọmọ ẹ̀ gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ́ kọnkéré wá, wọ́n lu ú títí wọ́n fi kan ilẹ̀ tó rọ̀ lábẹ́ ẹ̀, wọ́n tún rọ omi sí i, wákàtí díẹ̀ ó ti lọ. Igi palo verde tá a gbìn síbẹ̀ lónìí, abẹ́ ẹ̀ la ti ń jẹun nírọ̀lẹ́.

Bàbá náà sì kọ̀ láti gbẹ́lẹ̀ títí àwọn 811 fi wá, àwọn tẹ́ ẹ máa ń pè kí wọ́n lè fi ibi tí wáyà àti páìpù wà lábẹ́ ilẹ̀ hàn. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ máa pè wọ́n ní ọjọ́ iṣẹ́ méjì kẹ́ ẹ tó fi ṣọ́bìrì kanlẹ̀, wọ́n á wá fín àwọ̀ sílẹ̀: pupa fún wáyà iná, yẹ́lò fún gáàsì, búlúù fún omi. Àmọ́ wọn kì í fín èyí tó jẹ́ tiyín fúnra yín lẹ́yìn mítà, bíi wáyà tó lọ síbi swimming pool, ìyẹn ẹ̀yin lẹ máa wá ẹni tó máa bá yín wá a.

Ọ̀rọ̀ láìsẹ́ńsì, iṣẹ́ páìpù omi, ògiri, òkúta àtẹ́lẹ̀, tówó ẹ̀ bá ti ju $1,000 lọ, owó iṣẹ́ àti ohun èlò pa pọ̀, oníṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ìwé àwọn Registrar of Contractors, àwọn tó ń fún agbaṣẹ́ṣe níwèé àṣẹ ní Arizona níbí. Ẹ tẹ nọ́ńbà ẹ̀ sórí wẹ́ẹ̀bù wọn, ẹ ó rí i tí wọ́n bá ti fẹjọ́ ẹ̀ sùn rí. Tẹ́ni tó ní ìwé bá ba iṣẹ́ yín jẹ́ tó sá lọ, owó kan wà tí wọ́n fi ń gba onílé sílẹ̀, ó lè tó $30,000. Ẹni tí ò níwèé, ẹ ò rí kọ́bọ̀ gbà lórí ẹ̀.

Ó yá, ẹ̀yin náà ẹ sọ tiyín.

Ìyá Ìbejì, Las Vegas

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọgbọ́n tẹ́ ẹ fi gbé ọ̀rọ̀ yìí wá. Tèmi dùn mí dé eegun, mo sì fẹ́ kí gbogbo ará Vegas gbọ́ ọ.

Ṣé ẹ mọ̀ pé Southern Nevada Water Authority, àwọn tó ń bójú tó omi níbí, máa ń sanwó fún onílé tó bá hú koríko kúrò, tó fi ewéko tí kì í mu omi púpọ̀ dípò ẹ̀, bí koríko náà bá ṣe fẹ̀ tó lowó máa ṣe pọ̀ tó. Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n wá wo koríko yẹn níbi tó wà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ọkùnrin tá a gbà ní kí n fọkàn balẹ̀, ó ní òun lòun máa bá wa ṣe gbogbo ìwé ẹ̀, pé ó ti pẹ́ tóun ti ń ṣe é fáwọn èèyàn. Mo lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, ìgbà tí mo fi máa dé nírọ̀lẹ́ wọ́n ti ká koríko bí ẹni ká ẹní, ó ti wà nínú tírélà. Mo ní ìwé ńkọ́? Ó ní òun máa fi fọ́tò ránṣẹ́ sí wọn. Fọ́tò kẹ̀! Òfin wọn ni pé iṣẹ́ tó bá ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, owó ò sí ńbẹ̀, ó sì wà lójú wẹ́ẹ̀bù wọn gbangba, ẹni tó ń fi ṣe iṣẹ́ ṣe mọ̀ ọ́n dáadáa. Àdúgbò tèmi náà ni ẹnì kan ti ṣe tiẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, owó yẹn wọlé fún un, ó fi san èyí tó pọ̀ jù nínú owó iṣẹ́.

Èyí tó tún bí mi nínú ni pé nọ́ńbà C-10 (ìwé àṣẹ oníyáàdì ní Nevada) tó kọ sára mọ́tò ẹ̀, ìgbà tí mo wá yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọ̀ Nevada State Contractors Board, orúkọ ẹlòmíì ló jáde. Torí náà kì í ṣe kẹ́ ẹ rí nọ́ńbà lára mọ́tò, kí orúkọ tó wà níwájú nọ́ńbà bá orúkọ tó wà nínú ìwé àdéhùn yín mu lẹ máa wò.

Ó tún fẹ́ da òkúta nìkan síbẹ̀, igi méjì péré, mo kọ̀ jálẹ̀. Àwọn Water Authority gan-an, tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbowó wọn, ewéko tẹ́ ẹ gbìn gbọ́dọ̀ lè bo ìdajì ibẹ̀ tó bá dàgbà. Òkúta láìsí ìbòji, ṣe lẹ kàn ń dáná yí ilé yín ká.

Bàbá Ṣadé, Glendale AZ

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ mà, Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò.

Igi mesquite lèmi fi jìyà. Wọ́n gbìn ín fún mi, ó sì ń dàgbà wàràwàrà, inú mi ń dùn, kò tíì pẹ́ tó fi ga ju òrùlé lọ. Monsoon, àsìkò òjò oníjì, dé (June 15 sí September 30 ni wọ́n kà á sí), atẹ́gùn kan ṣoṣo báyìí, eruku bo gbogbo àdúgbò, ìgbà tójú máa fi là, igi ti wó lu ògiri tó pààlà èmi àti ará ilé kejì. Mo pe ẹni tó mọ̀ nípa igi gan-an, arborist tó níwèé, ó tẹ̀ ba, ó fi ọwọ́ gbá òkúta sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí n wá wò ó. Ẹnu tí omi ń gbà kán, méjèèjì wà lẹ́bàá ìdí igi, kò ju ìka ẹsẹ̀ lọ síra, wọn ò sún un síta látìgbà tí wọ́n ti gbìn ín. Gbòǹgbò rí omi lójoojúmọ́ níbẹ̀, kí ló fẹ́ wá lọ síbòmíì? Ó ká jọ sójú kan, ó sì lọ́ yípo bó ṣe wà nínú ike tí wọ́n fi tà á. Okùn tí wọ́n fi so ó mọ́ igi ìdúró náà ò kúrò lára ẹ̀, torí ẹ̀ ni ìdí ẹ̀ ò fi lágbára.

Ohun tí ẹ máa bi oníṣẹ́ nìyí kó tó gbin igi: tígi yìí bá fẹ̀, ta ló máa sún ẹnu omi síta, síbi tí ẹ̀ka ẹ̀ parí sí? Tó bá ń wo yín bọ̀ọ̀, ẹ wá ẹlòmíì. Ẹ sì bèèrè irú mesquite tó jẹ́, velvet tó jẹ́ ti ilẹ̀ yìí máa ń dúró ju àwọn tí wọ́n pò mọ́ ti Chile lọ, ìyẹn ń yára ga, ó sì ń yára wó.

Ará ilé kejì mi ò bínú, Ọlọ́run á bù kún un. Owó ògiri ni mi ò tíì rí gbà lọ́wọ́ ẹni tó gbìn ín.

Akin Palmdale

California ni mo wà. Òfin ibí yìí ni pé agbaṣẹ́ṣe ò gbọ́dọ̀ gba ju 10% lọ ṣáájú, tàbí $1,000, èyí tó bá kéré nínú méjèèjì. Ẹnì kan wá, ó ní kí n san ìdajì kóun lọ ra òkúta. Mo sọ òfin yìí fún un jẹ́jẹ́, mo sì bi í pé C-27 ẹ̀ dà, ìyẹn ìwé àṣẹ oníyáàdì ní California. Ó ní òun fẹ́ lọ mú nǹkan nínú mọ́tò. Mi ò tún rí i mọ́ láti ọjọ́ náà.

Àǹtí Ewédú, Chandler

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ oúnjẹ nínú yín? Yáàdì tí ò ní ewédú, kí la fẹ́ fi ṣe?

Oòrùn tẹ́ ẹ̀ ń bú yìí, ewédú àti ilá fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, ìgbà tí tòmátò àwọn aládùúgbò mi bá ti jóná tán ní July, ìgbà yẹn nilá tèmi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so. Àmọ́ ẹ sọ fún oníṣẹ́ yín láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ má dúró dìgbà tó bá ti dé. Ìdí ni pé kí wọ́n tó da òkúta wẹ́wẹ́ yẹn, wọ́n máa ń fín oògùn kan tí wọ́n ń pè ní pre-emergent sílẹ̀ kí koríko má bàa hù. Oògùn yẹn ò mọ èyí tó ń jẹ́ koríko, kò mọ èyí tó ń jẹ́ ewédú, irúgbìn tó bá fẹ́ yọ orí, ó lè pa á. Ti ọ̀rẹ́ mi kan nìyẹn, oníṣẹ́ fín in káàkiri láì bi í, ó wá ń gbin ewédú lórí ẹ̀, kò hù, ó rò pé irúgbìn tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Ọ̀yọ́ ló ti gbó jù. Èmi ti fi okùn yí apá tèmi ká kí wọ́n tó dé, mo ní ẹ ò gbọ́dọ̀ fín ín kọjá ibí, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n kan pákó bẹ́ẹ̀dì ga sókè síbẹ̀, wọ́n da erùpẹ̀ tó dáa àti ìdọ̀tí tó ti jẹrà sí i, torí ilẹ̀ ibí ti ní iyọ̀ àti ẹfun jù, páìpù omi tiẹ̀ náà dá wà lọ́tọ̀.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mọ́ mi jù. Lẹ́yìn òjò monsoon mo rí àwọn ọmọdékùnrin tó wá ń tún yáàdì ṣe, wọ́n ń fa nǹkan kan tu létí ògiri, mo sáré jáde, mo ní ẹ dúró! Tẹ̀tẹ̀ ni! Tẹ̀tẹ̀ tó ń lalẹ̀ hù fúnra ẹ̀! Kì í ṣe irú tiwa gan-an, àmọ́ mọ̀lẹ́bí ẹ̀ ni, ilẹ̀ Arizona ló ti wá, àwọn onílẹ̀ ibí ti ń jẹ ẹ́ tipẹ́tipẹ́. Ọ̀gá wọn rẹ́rìn-ín, ó ní ìyá àgbà tòun náà máa ń sè é, *quelites* ni wọ́n ń pè é nílé wọn. Ewé tó ṣì kéré lẹ máa já o, kó tó gbó. Láti ọjọ́ náà tí wọ́n bá ti wá, wọ́n á kanlẹ̀kùn kí wọ́n tó fa nǹkan kan tu.

Ẹ̀yin tó ní ọmọ kéékèèké, ẹ yẹra fún koríko oníke, lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn ó lè gbóná ju 150 Fahrenheit lọ, ẹsẹ̀ ọmọ á bó. Oleander náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbìn ín, òdòdó ẹ̀ rẹwà àmọ́ májèlé ni látewé dé gbòǹgbò.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Tucson

Ẹ kú ìrírí o, ẹ̀yin àgbà. Ìbéèrè kan ni mo ní. Oníṣẹ́ kan ní òun máa bá mi gbé saguaro ńlá kan wá, ó ní ọwọ́ méjì lára, pé owó ẹ̀ ò wọ́n torí ọ̀rẹ́ òun ló ní ilẹ̀ tó wà. Ṣé kí n gbà?

Ọmọ Ìbàdàn ní Mesa

Àbúrò, rárá o. Bèèrè táàgì lọ́wọ́ ẹ̀ kó tó gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹ. Òfin Arizona dáàbò bo ọrọ́ yẹn, ìwé àti táàgì Department of Agriculture gbọ́dọ̀ wà lára ẹ̀ kí wọ́n tó lè gbé e kúrò níbi tó wà, kódà tó bá jẹ́ orí ilẹ̀ ọ̀rẹ́ ẹ̀ lóòótọ́. Èyí tó bá sì ti lọ́wọ́ lára, ó ti lè ju 50 ọdún lọ, wọn kì í ta irú ẹ̀ ní pọ́ọ́kú láìnídìí.

Tó bá ní ìwé, tún wò ó bóyá ó mọṣẹ́: kó tó hú u, ó yẹ kó sàmì sí ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí gúúsù, kó lè kọjú ẹ̀gbẹ́ yẹn sí gúúsù náà nínú yáàdì ẹ. Ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn ò bá pa rí, tó bá dédé kọjú sóòrùn, ó máa jóná. Wò ó, ra èyí tó ṣì kéré ní nọ́sìrì tí wọ́n ti ń ta ewéko, á gbà ẹ́ lásìkò àmọ́ á gbó sí ẹ lọ́wọ́. Ibo gan-an ni ilé ẹ wà ní Tucson? Mo mọ ẹnì kan níbẹ̀ tó fi bàbá tó ṣiṣẹ́ fún mi yẹn ṣe ọ̀gá, inbox mi.