Ògiri amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́: báwo lẹ ṣe ń tún un ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin bíríkìlà tó mọ ilé àtijọ́. Ilé Àgùdà kan ni (irú èyí táwọn tó padà dé láti Brazil kọ́), nítòsí Campos Square, Ìsàlẹ̀ Èkó. Amọ̀ pupa ni ògiri rẹ̀, ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 45, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ nínú lóde. Omi tó ń fà gòkè látinú ilẹ̀ kò ríbi gbà jáde mọ́. Iyọ̀ funfun ń yọ dé bíi mítà kan sókè, ọ̀dà ń ṣí, amọ̀ ẹ̀yìn sìmẹ́ńtì sì ti ń rọ̀ bí ẹ̀kọ. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní ká wó o, Ilojo Bar, ilé Àgùdà àtijọ́ tí wọ́n wó l'Ékòó ní 2016, ti tó.)

Òòlù kékeré la fẹ́ fi ṣí sìmẹ́ńtì náà, torí ẹ̀rọ a máa mi ògiri. Tó bá gbẹ, ká fi lime (ẹfun ìkọ́lé tí wọ́n ń sun láti ara òkúta) rẹ́ ẹ: lime kan sí iyanrìn odò mẹ́ta, mìlímítà 10 lẹ́ẹ̀kan. Iyanrìn etí òkun ti já síta, iyọ̀ pọ̀ jù nínú ẹ̀.

Níbo lẹ ti ń ra lime tí wọ́n ti fi omi pa? Èyí tó jẹ́ òkúta lílọ̀ lásán, tí wọn ò sun, táwọn ọlọ́sìn ẹja máa ń lò, kì í dì. Ọjọ́ mélòó lẹ ń fi sáàárín ìrẹ́ kìíní àti èkejì, pẹ̀lú ọ̀rinrin Èkó yìí?

Ẹ̀yìnkùlé ńkọ́? Mẹkáníìkì ti lò ó rí, ọ́ìlì dúdú ti wọlẹ̀, kànga sì wà nítòsí. Báwo la ṣe máa mọ ibi tó jìn dé ká tó gbẹ́ ẹ?