Ọjọ́ wo la kọjá ní Ìlara? Ìrírí wa lórí fọ́ọ̀mù ìrìnàjò

Ará Kétu:
Mo ní kí n sọ tèmi, bóyá á yọ ẹlòmíì nínú wàhálà. Láti Kétu wa níbí ní Benin, èmi àti ìyàwó mi ń ṣe ìwé láti lọ máa gbé ní Québec, ní Kánádà. Ìwé ìbí, ìwé ẹ̀rí, ìwé ọlọ́pàá, gbogbo rẹ̀ jáde wẹ́rẹ́. Ó wá ku fọ́ọ̀mù kan tí wọ́n ń pè ní IMM 5562. Kánádà fẹ́ mọ gbogbo ìrìnàjò tí èèyàn ti rìn jáde kúrò ní orílẹ̀-èdè rẹ̀ láti ọdún 10 sẹ́yìn: ọjọ́ tó lọ, ọjọ́ tó dé, ibi tó lọ, ohun tó lọ ṣe.

Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín. Èmi tí mi ò lọ síbì kankan! Mo kọ Lomé lẹ́ẹ̀kan, mo kọ Abidjan lẹ́ẹ̀kan, mo fi bírò sílẹ̀. Ìyá mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń fọ ẹ̀wà. Ó ní, "Ìmẹ̀kọ ńkọ́?"

Háà! Ẹ̀yin tí ẹ mọ Kétu ẹ mọ̀ pé tí ọ̀kadà bá ti gbé èèyàn kọjá Ìlara, Nàìjíríà ló wà yẹn. Ìmẹ̀kọ ni Táńtí wa, àbúrò ìyá mi, lọ́kọ sí. Ìkómọ, ìsìnkú, Iléyá, kò sí èyí tí a kì í lọ. Kò sẹ́ni tó ń lu òǹtẹ̀ sí ìwé wa. Nígbà míì wọn kì í tilẹ̀ bèèrè káàdì. "Ẹ kú ojú ọ̀nà o" náà la fi ń kọjá. Ní tiwa, ilé la lọ. Ní ti fọ́ọ̀mù, ilẹ̀ òkèèrè ni.

Mo bi Ìyá pé ìgbà wo la lọ kó àbíkẹ́yìn Táńtí jáde. Ó ní ọjọ́ ọjà ni, òun rántí dáadáa, nítorí òun ò rí ata òun tà lọ́jọ́ náà. Ọjà ọrọọrún! Nínú oṣù kan ṣoṣo, ó ń ná tó ìgbà méje.

Mo wá gbé ara lé Iléyá. Iléyá kan wà tí òjò pa wá dé Ìmẹ̀kọ, oṣù kẹjọ ni, nítorí náà mo kọ oṣù kẹjọ sí gbogbo ọdún pátá. Àṣìṣe ńlá ni. Òṣùpá ni Iléyá ń tẹ̀ lé, ó ń fi bí ọjọ́ 11 sún sẹ́yìn lọ́dọọdún. Ní 2017, ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ló bọ́ sí. Ní 2018, ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ. Ní 2019, ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, mo tún un kọ.

Èyí tó tì mí lójú jù ni Èkó. Mo kọ ọ́ pé oṣù kọkànlá ọdún 2019 ni mo wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ mi. Àbúrò mi kà á, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé bọ́ọ̀sì yín fò ni? Nàìjíríà ti ti ibodè láti oṣù kẹjọ ọdún yẹn." Òótọ́ ni. Mo bú sẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rù bà mí: ohun tí mo lè fi orí mi búra lé rèé.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà sú mi tán ni ojú mi bọ́ sára abọ́ rọ́bà tí Ìyá fi ń fọ ẹ̀wà. Àwòrán bàbá ọkọ Táńtí wà lára rẹ̀, ọjọ́ ìsìnkú wọn sì wà lábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà, ti 2017. Ẹ̀yin èèyàn mi, a tú ilé ìdáná! Abọ́, abẹ̀bẹ̀, agboòrùn, táwẹ́ẹ̀lì, gbogbo ohun tí wọ́n pín fún wa níbi ìnáwó ló ní ọjọ́ lára. Abẹ̀bẹ̀ ìgbéyàwó ti Èkó wà níbẹ̀ náà: oṣù kọkànlá, 2018. Ìrìnàjò mẹ́fà la rí lọ́nà yẹn. Fọ́tò inú fóònù àti àtẹ̀jíṣẹ́ MoMo, owó tí a ń fi fóònù ránṣẹ́, bá wa wá ìyókù. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún fọ́tò WhatsApp: ọjọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín ló máa ń gbé, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n yà á.

Ẹnì kan tó ń báni kún fọ́ọ̀mù ní kí n fi Ìmẹ̀kọ sílẹ̀, pé ta ló máa mọ̀. Ìyàwó mi ti kọ ọ́ sí tirẹ̀ ńkọ́? Irọ́ nínú ìwé Kánádà, ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn. Èyí tí mi ò rí ọjọ́ rẹ̀, mo kọ oṣù tó sún mọ́ ọn, mo sì so lẹ́tà mọ́ ọn pé ìṣirò ni, àti ìdí tí kò fi sí òǹtẹ̀.

Ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo):
Bọ̀dá, tiyín ṣì kéré. Èmi tí mò ń ra ọjà l'Ékòó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ńkọ́? Lónìí ibodè Ìgólò, lọ́la ibodè Sẹ̀mẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ lọ tọ́jú ọmọ mi tó bímọ ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n bi mí ní ìrìnàjò ọdún 10. Ta ni yóò ka ìyẹn? Mo kọ lẹ́tà kan pé oníṣòwò ni mí, pé mò ń lọ mo ń bọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo sì ya ojú ewé díẹ̀ nínú ìwé ọjà mi mọ́ ọn. Láti ìgbà tí wọ́n ti ibodè ní 2019 títí wọ́n fi ṣí Sẹ̀mẹ̀ ní December 2020, Kútọ̀nú nìkan ni mo ti ń ra ọjà, ìwé náà sì fi hàn bẹ́ẹ̀. Wọ́n fún mi ní físà.

Ará Ṣábẹ̀:
Omi wọ pásípọ́ọ̀tì mi àtijọ́, gbogbo òǹtẹ̀ Gàbọ́ọ̀nù ṣí dànù. Káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ló gbà mí, nítorí mo gba abẹ́rẹ́ náà ní ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ tún wo tíkẹ́ẹ̀tì inú ímeèlì yín dáadáa. Òru ni èmi gbéra, nítorí náà ọjọ́ tí mo kúrò nílé àti ọjọ́ tí mo dé Libreville kì í ṣe ọ̀kan náà. Díẹ̀ ló kù kí n kọ ọ́ ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ará Kétu:
Ẹ ṣeun o. Ti òru yẹn, ó kan Abidjan tèmi náà, mo ń lọ tún un wò. Ìyá mi kí yín. Wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abọ́ yẹn fọ ẹ̀wà mọ́, wọ́n ní ìwé Kánádà ni.