Ọjọ́ tí mo sún àgbá bíà nítorí sípíkà

Àwa mẹ́ta la fẹ́ sọ ìtàn bíà àti orin nílé ọtí; ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ tèmi, kí àwọn méjì yòókù wá bọ́ sí i. Ilé ọtí kan wà ládùúgbò tí mò ń gbé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó máa ń ṣe ọdún bíà fún ọjọ́ mẹ́ta, pẹ̀lú olórin ní alaalẹ́. Lọ́dún kan mo yọ̀ǹda ara mi pé mo fẹ́ bá wọn ṣiṣẹ́. Mo rò pé ọtí ọ̀fẹ́ ni mo ń lọ mu. Àgbá ni mo lọ ń gbé.

Ọjọ́rú ni àwọn àgbá dé, bẹ́ẹ̀ Ọjọ́ Ẹtì ni ọdún máa bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí ni gbogbo ìkánjú yìí. Ìyá tó ni ilé ọtí náà, ẹni tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, ló là mí lóye. Bíà inú àgbá yìí kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ti sẹ́ tán, tí wọ́n wá ń fi gáàsì tì jáde. Ìwúkàrà ṣì wà láàyè nínú rẹ̀, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ńṣe ni wọ́n tẹ́ àwọn àgbá náà sórí pẹpẹ igi, tí wọ́n fi èèkàn kékeré kan tó rọ̀ dí ihò òkè, kí gáàsì lè máa rọra yọ. Tí ẹ bá sún etí mọ́ ọn, ẹ máa gbọ́ ọ tó ń ta ṣìì, ṣìì, ìfófò á sì yí ẹnu èèkàn náà ká bí ti ọṣẹ. Bó bá rọlẹ̀, wọ́n á fi èèkàn líle pààrọ̀ rẹ̀. Ó wá ku kó jókòó jẹ́ẹ́, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí ikùn àgbá, kí tòkè tòrò. (Ohun tí wọ́n ń pò mọ́ ọn kó lè tètè tòrò, àpò afẹ́fẹ́ inú ẹja ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é. Mo ti mu ún fún ọdún púpọ̀ kí n tó mọ̀.)

Gálọ́ọ̀nù 9 ló wà nínú àgbá kọ̀ọ̀kan, páíǹtì 72 nìyẹn. Màmá ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n.

Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, àwọn olórin kó ẹrù dé. Ibi tí ọ̀gbẹ́ni tó ń tọ́jú ohùn fẹ́ gbé sípíkà sí, àgbá mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ó ní kí n bá òun sún wọn díẹ̀. "Díẹ̀" yẹn nìkan ni mo gbọ́. A gbé wọn, a tiẹ̀ gbé wọn pẹ̀lẹ́, mo sì ń yin ara mi nínú.

Oníbàárà àkọ́kọ́ gbé kọ́ọ̀bù rẹ̀ sókè sí iná. Bíà náà rú bí omi àgbàrá. Màmá gbà á, ó wò ó, ó fi imú kàn án, ó wá yíjú sí orí pẹpẹ níbi tí òrùka ìfófò tútù ṣì wà lójú àyè tí àgbá ti kúrò. Kò pariwo. Ó bi mí pé ta ló sún un, àmọ́ ojú mi ti dáhùn. Ó fi aṣọ tútù bo àgbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí bíà yìí kò fẹ́ kọjá nǹkan bíi ìwọ̀n 13 Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, ó sì so páálí mọ́ wọn lọ́rùn: "Ó ń sùn." Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni wọ́n tó jí.

*

Ẹ má dá ẹ̀bi fún onísípíkà yẹn jù o. Èmi náà ń ta gìtá. Ìṣòro ilé ọtí ni pé yàrá òfìfo la ti ń dán ohùn wò. Bí èrò bá ti kún, ara ènìyàn á gbé ohùn tó mú mì, èyí tó ń dún wùùù nìkan ló máa kù, la bá tún yí ohùn ẹ̀rọ sókè. Lálẹ́ ọjọ́ kan ohùn wa pọ̀ débi pé ọmọbìnrin tó ń ta ọtí ò gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ń béèrè mọ́. Ìka làwọn ènìyàn fi ń rajà. Ẹnì kan na ìka méjì, ó gba bíà àgbá kejì dípò kọ́ọ̀bù méjì. Nígbà tí a dákẹ́ láàárín orin, la gbọ́ tí gbogbo ilé ń kígbe nǹkan tí wọ́n fẹ́ rà. Ojú tì mí. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn kàǹtà ni mo máa ń lọ dúró tí a bá ń dán ohùn wò, kì í ṣe iwájú.

Ní ti aago, òfin ọdún 2012 tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales ti tú wa sílẹ̀: ilé tó bá ti ní ìwé àṣẹ láti ta ọtí mímu níbẹ̀ lè gbé olórin wá láti aago 8 àárọ̀ sí 11 alẹ́ láìgba àṣẹ orin lọ́tọ̀, bí èrò kò bá ju 500 lọ. Àmọ́ aládùúgbò tí kò rí oorun sùn lè fẹjọ́ sùn síbẹ̀.

*

Tèmi ò gùn. Ọdún bíà àkọ́kọ́ tí mo lọ, wọ́n fún mi ní kọ́ọ̀bù kékeré tó gba ìdá kan nínú mẹ́ta páíǹtì, kí n lè tọ́ oríṣiríṣi wò. Èmi ọ̀gá, orí èyí tó dúdú jù, tó sì le jù, ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí n ó fi dé ọ̀dọ̀ bíà pupa fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí gbogbo ayé ń yìn, omi lásán ni lẹ́nu mi. Mo tiẹ̀ bá olùtà jà pé ó bu omi là á.

Lọ́dún kejì mo gbọ́n. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó fúyẹ́, mo rọra ń gòkè, mo ń gbọ́ orin, mo fi dúdú yẹn ṣe àṣekágbá. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, olùtà fi ọwọ́ gbé ìdí àgbá sókè díẹ̀, ó ṣí ẹnu rẹ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ló dà sínú kọ́ọ̀bù mi.