Hurghada pẹ̀lú Màmá: Káírò ni ká mú àbí Luxor?

Àbẹ̀kẹ́ Peckham
Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Èmi, ọkọ mi àti ìyá ọkọ mi ń lọ sí Hurghada ní Íjíbítì nínú oṣù kejì. Ti òkun ni tiwa, ṣùgbọ́n Màmá ní àwọn ò lè dé ilẹ̀ Fáráò kí àwọn má fojú kan píramídì. Hòtẹ́ẹ̀lì ń ta ìrìn-àjò àlọ-àbọ̀ ọjọ́ kan, yálà Káírò tàbí Luxor, ọjọ́ kan náà sì lowó wa ká. Orúnkún ń yọ Màmá lẹ́nu díẹ̀. Èwo ni ká mú?

Alárìnkiri
Luxor ni o jàre! Bíi wákàtí 4 lọ́kọ̀, ti Káírò lè tó 6 ní àlọ nìkan. Ẹ ó rí Karnak, tẹ́ńpìlì ńlá àtijọ́ kan, gbọ̀ngàn kan wà níbẹ̀ tó ní òpó òkúta 134, ẹ máa gbójú sókè títí ọrùn á fi dùn yín. Ẹ wá sọdá odò Náílì lọ síbi tí wọ́n ń sin àwọn ọba sí, tíkẹ́ẹ̀tì kan á mú yín wọ ibojì 3, ti ọba Tutankhamun ní tíkẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ lọ́tọ̀. 1922 ni Howard Carter, awalẹ̀pìtàn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, rí i, òkú ọba náà ṣì wà níbẹ̀ dòní. Ọ̀dà ara ògiri àwọn ibojì yẹn ti lé ní 3,000 ọdún, ó sì ń tàn bí ẹni pé àná ni wọ́n kùn ún.

Ọmọ Ìbàdàn
Òótọ́ lẹ sọ ẹ̀gbọ́n, Luxor dáa gan-an, àmọ́ píramídì ni Màmá ní àwọn fẹ́ rí, kò sì sí níbẹ̀. Àtẹ̀gùn inú àwọn ibojì yẹn náà ò ní bá orúnkún wọn lára mu. Ẹ wọ bàálù lọ Káírò tówó bá wà, bíi wákàtí kan ni. Ní Giza, ibi tí àwọn píramídì wà, ẹ má jẹ́ kí Màmá wọ inú píramídì Khufu tó tóbi jù o, ọ̀nà inú ẹ̀ há, èèyàn á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gan-an máa gòkè, pósí òkúta tó ṣófo ló sì wà lókè. Ìta ló dùn, mítà 146 ló ga nígbà tí wọ́n kọ́ ọ tán ní nǹkan bí 4,500 ọdún sẹ́yìn, kí Màmá fọwọ́ kan òkúta ìsàlẹ̀ yẹn ti tó. Bí oníràkúnmí bá ní ọ̀fẹ́ ni, ẹ má gùn ún, ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ló máa dárúkọ owó.

Ìyá Ìbejì
Ṣé onígbàgbọ́ ni Màmá? Ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan wà ní Káírò, Abu Serga, wọ́n ní abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ ni Jósẹ́fù àti Màríà sinmi sí nígbà tí wọ́n gbé Jésù sá fún Hẹ́rọ́dù. Ẹ bá mi mú wọn débẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Kí wọ́n mú súwẹ́tà dání, òtútù máa ń mú láàárọ̀ nínú oṣù yẹn.

Àbẹ̀kẹ́ Peckham
Mo kà á fún Màmá, ibi tẹ́ ẹ ti dárúkọ Jósẹ́fù ni wọ́n ti dìde jókòó! Káírò ni nìyẹn. Ṣé àyè á gba mùsíọ́mù tuntun tó wà nítòsí àwọn píramídì náà?

Ọmọ Ìbàdàn
Ẹrù tí wọ́n bá nínú ibojì Tutankhamun, tó wà níbẹ̀, nìkan lé ní 5,000, odindi ọjọ́ ló gbà. Giza láàárọ̀, ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sàn-án, ẹ fi mùsíọ́mù sílẹ̀.