Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbin ọ̀pọ̀tọ́, ẹ tọ́ mi sọ́nà

Ọmọ Ọgbà: Ẹ̀yin àgbà ológbà, mo kí yín o. Ẹnì kan gé ẹ̀ka ọ̀pọ̀tọ́ mẹ́ta fún mi lára igi tirẹ̀. Kò mọ orúkọ ẹ̀yà rẹ̀, àmọ́ ó ní ó ń so dáadáa. Ewébẹ̀ nìkan ni mo ti ń gbìn, n ò gbin igi eléso rí. Mo ti ki àwọn ẹ̀ka náà bọ inú ike, ọ̀kan sì ti yọ ewé méjì. Ṣé kí n gbé e lọ sílẹ̀ báyìí? Mo tún gbọ́ pé ọ̀pọ̀tọ́ kì í so bí kò bá sí irú agbọ́n kékeré kan. Ṣé òótọ́ ni? Ilẹ̀ mi kéré, omi sì máa ń dúró sójú kan níbẹ̀ bí òjò bá rọ̀.

Ìyá Ewéko: Kú iṣẹ́ o, àbúrò. Má tíì gbé e kúrò níbẹ̀! Ewé tí o rí yẹn kò fi hàn pé gbòǹgbò ti wà. Oúnjẹ tí ẹ̀ka ti kó pamọ́ sínú ara rẹ̀ ló fi ń yọ ewé. Bí oúnjẹ yẹn bá tán tí gbòǹgbò ò sì tíì sí nísàlẹ̀ láti fa omi, ewé á rọ, ẹ̀ka á sì kú. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ kí gbòǹgbò tó rinlẹ̀. Bó bá jẹ́ ike tó mọ́ gaara lo lò, wàá rí gbòǹgbò funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí kò bá mọ́ gaara, máa wo ewé: tí tuntun bá ń tẹ̀lé tuntun tí wọn ò rọ, ọkàn ẹ lè balẹ̀. Má fà á tu láti yẹ̀ ẹ́ wò, ọmọ gbòǹgbò ọ̀pọ̀tọ́ tètè ń já.

Omi àpọ̀jù ló ń pa wọ́n jù. Ti ìka bọ ilẹ̀dú náà. Bó bá ṣì tutù, má bu omi sí i. Ibi tó mọ́lẹ̀ ni kó wà, ṣùgbọ́n kí oòrùn má tíì jó o.

Àgbẹ̀ Àtàárọ̀: Ní ti agbọ́n, òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọ̀pọ̀tọ́ ló kàn. Inú ohun tí à ń pè ní èso yẹn ni òdòdó rẹ̀ wà, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kì í fi í rí i. Ẹ̀yà tí wọ́n ń pè ní Smyrna nílò kí agbọ́n gba ihò kékeré ìdí èso wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ èso á já dànù láìgbó. Brown Turkey, Celeste, Black Mission àti Kadota ò nílò agbọ́n rárá, irú wọn ló sì pọ̀ jù nínú ọgbà ilé. Ẹ bi ẹni tó fún yín bóyá èso igi rẹ̀ máa ń gbó. Ẹ̀ka á jọ igi tí wọ́n ti gé e, torí náà ìdáhùn rẹ̀ tó yín.

Ológbà Ìkòkò: Pẹ̀lú irú ilẹ̀ tẹ́ ẹ ṣàlàyé yìí, ìkòkò ni mo máa mú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó gba nǹkan bíi lítà 4, kẹ́ ẹ máa yí i padà bó ṣe ń dàgbà títí dé lítà 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ìdí rẹ̀ ní ihò dáadáa. Bó bá ti rinlẹ̀, ẹ jẹ́ kó rí oòrùn wákàtí 6 sí 8 lójúmọ́. Ẹ má rọ́ ajílẹ̀ lé e lórí o. Bí naitirójìn, èròjà inú ajílẹ̀ tó ń mú kí ewé yọ, bá pọ̀ jù, ewé lásán lẹ máa kó.

Ìyá Ewéko: Mo gbà fún ẹ lórí ìkòkò, ṣùgbọ́n ìkòkò ń tètè gbẹ, bí igi bá sì ti ń so, omi tó ń wá tó ń lọ máa ń mú kí èso já tàbí kó sán. Ẹni tó bá lè kọ ebè gíga sórí ilẹ̀ yẹn, igi rẹ̀ á sinmi jù. Àbúrò, ohun kan tó ṣe pàtàkì: wọ ìbọ̀wọ́ nígbàkígbà tó o bá fẹ́ gé e. Oje funfun rẹ̀ máa ń yún ara, bí oòrùn bá sì tún pa ibi tó kàn, awọ lè léròrò.

Àgbẹ̀ Àtàárọ̀: Bó bá so, ẹ má kánjú ká a. Ọ̀pọ̀tọ́ tí wọ́n já ní tútù kì í dùn mọ́ nínú ilé. Ẹ dúró kí ọrùn rẹ̀ tẹ̀, kó dorí kodò, kó sì rọ̀ lọ́wọ́.

Ọmọ Ọgbà: Ẹ ṣeun gan-an, màmá, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ìkòkò ni màá lò. Ìdí ẹ̀ka kẹta ti dúdú, ó sì rọ̀. Ṣé kí n jù ú nù?

Ìyá Ewéko: Fi èékánná ha èèpo rẹ̀ díẹ̀ lókè. Bí abẹ́ rẹ̀ bá tutù yọ̀yọ̀, gé ibi tó dúdú kúrò títí tó o fi máa kan igi funfun, fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ojú ọgbẹ́ gbẹ, kó o wá kì í bọ ilẹ̀dú tuntun. Rí i pé ojú ẹ̀ka, ìyẹn ibi tí ewé ti ń yọ, méjì ó kéré tán wọlé, kí ọ̀kan sì wà lókè. Bó bá jẹ́ pé ó ti di pupa rúsúrúsú dókè, jù ú nù, má jẹ́ kó sún mọ́ méjì tó kù.