Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ìnṣọ́ránsì ìlera wo lapá aránṣọ lè ká n'Ìbàdàn?

Aránṣọ Mọ́kọ́lá
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Aránṣọ ni mí, Mọ́kọ́lá ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Kò sí ọ̀gá tó ń yọ owó ìlera lára owó oṣù mi, torí èmi fúnra mi ni ọ̀gá. Oyún oṣù mẹ́rin wà nínú ìyàwó mi, ọmọ méjì wà nílé, ìyá mi náà sì ti kó wá sọ́dọ̀ wa láti Ìsẹ́yìn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá wọn jà, oògùn ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò. Ilé iṣẹ́ adójútòfò aládàáni kan gbé iye owó wá fún mi, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rò ó ná, torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ṣọ́ọ̀bù mi fún ọdún kan. Èwo ni kí n ṣe? Ilé ìwòsàn wo ni kí n mú? Ẹ má sọ pé kí n máa gbàdúrà o, mo ti ń gbà á.

Ìyá Ìbejì Agbowó
Àmín sí àdúrà náà. Bọ̀ọ̀dá, ẹ lọ bèèrè nípa OYSHIA, iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ìlera ti ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nìyẹn. Ẹni tí kì í ṣiṣẹ́ ìjọba lè san tirẹ̀ lọ́dọọdún, orí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kà. Ẹ má gba iye tí ẹnikẹ́ni bá kọ síbí gbọ́, ó máa ń yí padà. Ọ́fíìsì wọn ni kí ẹ ti bèèrè.

Dẹ́rẹ́bà Ìwó Road
Èmi ò gba ìnṣọ́ránsì kankan gbọ́ mọ́. Ilé ìwòsàn kan tí mi ò ní dárúkọ, bí wọ́n ṣe rí káàdì ìnṣọ́ránsì lọ́wọ́ ìyàwó mi ni wọ́n ní kó lọ jókòó sápá kan. Àwọn tó mú owó dání ń wọlé níṣojú ẹ̀. Nígbà tó dé ẹnu fèrèsé ilé oògùn wọn, wọ́n fi bírò pupa kọ "O/S", ìyẹn pé kò sí nílẹ̀, sẹ́gbẹ̀ẹ́ oògùn mẹ́ta nínú mẹ́rin, wọ́n ní kó lọ rà á níta. Kí wá ni mo sanwó fún? Owó mi á wà nínú àjọ ní tèmi.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì
Dẹ́rẹ́bà, ohun tí ẹ sọ yẹn ń ṣẹlẹ̀, ojú mi ló ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ti ń wá, torí ibẹ̀ gan-an ni ìdáhùn aránṣọ wà.

Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ tí ẹ bá yàn, iye kan pàtó ni àwọn onínṣọ́ránsì ń san fún un lóṣooṣù lórí orúkọ kọ̀ọ̀kan tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ wá o, ẹ ò wá o. Capitation ni wọ́n ń pè é. Ibi tí orúkọ bá ti pọ̀, owó yẹn lè ra oògùn sílẹ̀ dè yín. Ibi tí orúkọ ò bá ti tó nǹkan, kí èèyàn bíi mélòó kan ṣàìsàn gidi lóṣù kan, owó ti tán nìyẹn, bírò pupa ti dé. Nítorí náà, ẹ yẹ ilé ìwòsàn wò kí ẹ tó yẹ káàdì wò. Ẹ lọ síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ẹ má mú aláìsàn dání. Ẹ wo ibi tí àwọn oní-káàdì ń jókòó, bóyá ìlà tiwọn ń sún. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé oògùn, kí ẹ bi ẹni tó ń jáde bóyá oògùn rẹ̀ pé. Nítorí ìyá yín, ẹ bi wọ́n bóyá amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má bi wọ́n bóyá àwọn máa ń ní in, torí bẹ́ẹ̀ ni ni wọ́n máa sọ.

Òmíràn rèé: bí kò bá ṣe pàjáwìrì, ẹ ò lè gbé káàdì gba ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH lọ tààrà. Ilé ìwòsàn tí ẹ yàn ló máa kọ ìwé, tí wọ́n á sì gba kóòdù àṣẹ lọ́dọ̀ àwọn onínṣọ́ránsì kí wọ́n tó tọ́jú yín lọ́hùn-ún. Kóòdù yìí ló ń fa ariwo jù. Ẹ bi wọ́n pé ta ló ń gba kóòdù lóru àti lọ́jọ́ Ìsinmi. Bí wọ́n bá ń wojú ara wọn, ẹ máa lọ sí ibòmíràn.

Ti ìyàwó yín: ọ̀pọ̀ ètò ló ní iye àkókò tí èèyàn gbọ́dọ̀ dúró lẹ́yìn tó bá ti sanwó, ti ìbímọ sì máa ń gùn jù lọ́dọ̀ àwọn aládàáni. Oyún oṣù mẹ́rin ò ní dúró de ẹnì kan. Ẹ bèèrè ìyẹn àti bóyá iṣẹ́ abẹ ìbímọ wà nínú ẹ̀, kí wọ́n fi hàn yín nínú ìwé. Àmọ́ ẹ má tìtorí káàdì dá a dúró o. Kó lọ forúkọ oyún sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.

Òṣìṣẹ́ Fẹ́dírà
Ẹ má rò pé àwa tá a ń gbowó oṣù ti bọ́. Tiwa bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2005: òṣìṣẹ́, ọkọ tàbí aya rẹ̀, àti ọmọ mẹ́rin tí ò tí ì pé ọdún 18. A sì ń san ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oògùn. Ìyá ẹni ò sí níbẹ̀, àfi kéèyàn san àfikún. Òfin NHIA ti 2022, ìyẹn òfin àjọ ìnṣọ́ránsì ìlera ìjọba àpapọ̀, sọ ìnṣọ́ránsì ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Dandan orí ìwé.

Ìyá Ìbejì Agbowó
Mo fẹ́ gbàgbé. Òfin ìlera ti 2014 yọ owó kan sọ́tọ̀ tó ń ti àwọn hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà lẹ́yìn, kí àwọn tí ò rí já jẹ lè gba ìtọ́jú láìsanwó. Wọ́n máa ń wo ti aboyún, ọmọ kéékèèké àtàwọn àgbàlagbà níbẹ̀. Àyè ò tó gbogbo èèyàn, àmọ́ ẹ mú NIN màmá lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà wọ́ọ̀dù yín, kí ẹ bèèrè. Ìbéèrè ò gba owó.

Dẹ́rẹ́bà Ìwó Road
Màmá Nọ́ọ̀sì, mo gbọ́ yín. Ṣé dandan ni kéèyàn di ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kó tó rí oògùn gbà ni?

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì
N'Ìbàdàn ńbí? Dandan ni o.

Alájẹṣẹ́kù Bódìjà
Dẹ́rẹ́bà, àjọ yín á ra oògùn ibà, kò ní san owó iṣẹ́ abẹ. Ẹ ṣe méjèèjì. Aránṣọ, ṣé ẹgbẹ́ yín ò ní alájẹṣẹ́kù? Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ lọ bá àwọn onínṣọ́ránsì sọ̀rọ̀ lórúkọ gbogbo yín. Wọ́n máa ń tètè dá ẹgbẹ́ lóhùn ju ẹnì kan ṣoṣo lọ, ẹ sì lè máa dá owó náà díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù.

Aránṣọ Mọ́kọ́lá
Ẹ ṣé gan-an. Ìpàdé ẹgbẹ́ wa ń bọ̀, màá gbé e síwájú wọn. Màmá Nọ́ọ̀sì, láàárín ilé ìwòsàn Yemẹtù, ti Jericho àti ti Ring Road, èwo ni kí n kọ́kọ́ lọ wò?

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì
Èyí tí màmá yín lè wọ mọ́tò kan ṣoṣo dé. Àwọn ló máa máa lọ gba oògùn lóṣooṣù, kì í ṣe ẹ̀yin.

Aránṣọ Mọ́kọ́lá
Yemẹtù nìyẹn. Màá kọ ohun tí mo bá rí níbẹ̀ síbí.